Ojú Ìyá Wa Kì Í Ṣe Ti Tẹlifíṣọ̀n

Bí gbogbo kámẹ́rà ṣe sáré síwájú, ẹyọ kan ṣoṣo ló wálẹ̀. Obìnrin kékeré kan ló gbé e. Ó wọ bàtà ọkùnrin, okùn bàtà kan ti tú, ó sì kúnlẹ̀ gbì lórí sìmẹ́ńtì bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Kí orí ìyá tó ń ṣubú lọ tó kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

“Ẹ fẹ̀yìn tì mí, mà,” ló ń sọ. “Mo ti dì yín mú. Ẹ fẹ̀yìn tì mí.”

Omi ń dà lójú tirẹ̀ náà. Ọmọkùnrin ìyá yẹn wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìbànújẹ́ ti bo gbogbo ọkàn rẹ̀, síbẹ̀ ó rí ọwọ́ obìnrin náà. Ó rí bó ṣe gbá ẹ̀yìn orí ìyá rẹ̀ mú, tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tá a wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì, ó sì pa ọmọ ọlọ́mọ lọ rẹpẹtẹ. Mi ò ní sọ bó ṣe rí, mi ò sì ní sọ ohun tó ń bí i nínú. Tẹlifíṣọ̀n ti bá a ṣe ìyẹn tó, ó tó gẹ́ẹ́. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n kó àwọn òbí sí kí wọ́n máa retí ìròyìn. Bí ọlọ́pàá bá ti pe ìdílé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo kámẹ́rà á ya lọ síbẹ̀ bí adìẹ tó rí àgbàdo.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n pè, òun àtọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló wà ní yunifásítì yẹn. Ìṣirò lọmọ náà ń kọ́, àmọ́ Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò sọ́rọ̀ tí kì í jà sí. Ọlọ́pàá ò tíì sọ gbólóhùn rẹ̀ parí tí ẹsẹ̀ ìyá fi yẹ̀.

Ohun tẹ́nikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí ni iná pupa kékeré orí kámẹ́rà. Obìnrin náà gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kò pa á. Oníkámẹ́rà nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí, ìyẹn náà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Kámẹ́rà dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó dojú kọ ojú ìyá, gbogbo ohun tó ń rí ló sì ń fi ránṣẹ́ tààrà sílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Níbẹ̀, Ọ̀gá Ìròyìn fò dìde lórí àga.

“Ẹ gbé e síta!” ló ń pariwo. “Kíá! Ẹ gbé e síta!”

Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ayé ti rí ojú ìyá.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n fi ṣí ìròyìn àárọ̀, wọ́n fi parí tìrọ̀lẹ́. Bí òṣèlú bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìbọn, wọ́n á gbé ojú ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì mìíràn lókèèrè, ojú ìyá yìí náà ni. Ẹni tó gbé ìbọn ti kú, ẹjọ́ tirẹ̀ ti parí. Ìyá tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló wá ń jẹ́jọ́ lójoojúmọ́. Inú bí mi o, mi ò ní purọ́.

Ìyá ní ilé búrẹ́dì kan ní ìkóríta. Tẹ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sẹ́ni tó lè bá ọ jà tó o bá fọwọ́ tẹ búrẹ́dì tó ò sì rà á. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí kò mọ̀ rí á wọlé, wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó, wọ́n á bú sẹ́kún. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ bá a ya fọ́tò.

“Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń dúró nídìí ààrò yìí,” ló sọ fọ́mọ rẹ̀. “Bàbá yín kú, mo dúró. Ẹ ń lọ iléèwé, mo dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣubú láyé mi, òun náà ni wọ́n wá fi ń dá mi mọ̀.”

Ọmọ náà gbé páànù wọ inú ààrò.

Iṣẹ́ ọmọ náà ni kó máa kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ní ilé ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí gbogbo ògiri rẹ̀ ń rùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sómi. Bùọ̀dá Ẹja làwọn ọmọ ń pè é. Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ìsìnkú ti parí tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbọ́ tẹ́nì kan ń wúkọ́ nítòsí. Ó gbójú sókè. Obìnrin kékeré kan fara ti ògiri, ó fi bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó jìnnà sómi bí ẹni pé omi fẹ́ gbá a létí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣẹ́ ẹ̀yin ni Bùọ̀dá Ẹja?”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ pè mí bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà ni. Wọ́n ní tí mo bá fi orúkọ mìíràn pè yín, ẹ ò ní dáhùn.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Àmọ́ ó ti wo ọwọ́ tó di bàtà mú, ó sì dá ọwọ́ náà mọ̀ kó tó dá ojú mọ̀.

“Ẹ̀yin ni,” ló sọ.

“Èmi ni.” Obìnrin náà di bàtà náà mọ́ àyà. “Èmi ni mo ni kámẹ́rà yẹn. Mo gbé e sílẹ̀, mi ò pa á. Mo rò pé gbígbé sílẹ̀ ti tó. Mo wá bẹ̀ yín. Mo fẹ́ lọ bẹ Ìyá, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀.”

Ọkùnrin náà jáde nínú omi, ó jókòó sétí rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀.

“Gbogbo wọn di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Ẹ̀yin di ìyá mi mú. Ohun tí mo rí nìyẹn. Ẹ jókòó jàre.”

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó jókòó jìnnà. Ó wo omi, ó wo ọkùnrin náà, ó wá béèrè ohun tí oníròyìn kankan ò tíì béèrè. Gbogbo àwọn tó kù ń bi í pé báwo ló ṣe ń rí lára rẹ̀. Èyí bi í pé, “Kí ni àbúrò yín fẹ́ràn?”

“Ìjà,” ló dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ń sá fún un látọjọ́ yẹn. “Ó fẹ́ràn ìjà, Lọ́yà la ń pè é. Ó fẹ́ràn búrẹ́dì tó ti le. Ọmọ oníbúrẹ́dì o! Ó ní búrẹ́dì gbígbóná ò níwà, èyí tó bá lè bá eyín jà ni búrẹ́dì.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Kí lẹ ń sá fómi sí?” ọkùnrin náà béèrè nígbà tó yá.

“Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé kámẹ́rà wọ ilé tó ń jóná?”

“Iná kì í wọni nímú.”

“Èéfín ńkọ́?”

“Ẹ má bá mi jiyàn, ẹ̀yin náà ò yàtọ̀ sí Lọ́yà.” Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. “Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́.”

“Torí pé ẹ kéré?”

“Torí pé adìẹ ò lè gbé mi mì.”

Ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Ọkùnrin náà sọ fún un pé kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé, kó mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wá, àti pé abẹ́rẹ́ tí kò bá fẹ́ rì gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́.

Abẹ́rẹ́ wá lóòótọ́. Ó wá ní Sátidé yẹn, ó wá nígbà mìíràn, ó wá títí àwọn ọmọdé fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń kọ́ ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀. Ohun tó le jù fún un ni kó sùn lé omi lórí. Bó bá ti rí i pé ilẹ̀ ò sí lábẹ́ òun, á di ọrùn olùkọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ pa á.

“Gbé orí lé ọwọ́ mi,” ọkùnrin náà á sọ. “Mo dì ọ́ mú. Sinmi.”

“Ta ló ní kó o máa pè mí ní ‘o’? Ṣé ẹgbẹ́ ni wá ni?”

“Ẹni tí mo bá gbé orí rẹ̀ dání nínú omi, mi ò lè máa pè é ní ‘ẹ’. Máa bá mi fà á lọ, màá yọ ọwọ́ mi.”

“O ò tó bẹ́ẹ̀!”

Ó yọ ọwọ́. Abẹ́rẹ́ ò rì. Ó sùn lé omi, ó ń wo àjà ilé, ẹnu yà á. Ọkùnrin náà dúró tì í, ó ń wo ojú rẹ̀. Ojú náà mọ́lẹ̀, kò sí ìbànújẹ́ nínú rẹ̀, inú tirẹ̀ náà sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó sin àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà, ó sì sọ ọ́ jáde.

“Adúmáadán, mo fẹ́ràn rẹ.”

Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti rì. Nígbà tó jáde, tó ń wúkọ́, tí omi ń jáde nímú rẹ̀, ó ní, “Ṣó ò lè dúró kí n kọ́kọ́ débi ilẹ̀ ni? Èmi náà fẹ́ràn rẹ, Ẹja. Ó ti pẹ́.”

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tọ́mọ là á.

“Ìyá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́.”

“Ọpẹ́ o! Ta ni? Ọmọ ta ni?”

“Kò ní ìyá mọ́. Látìgbà tó ti wà ní kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n.” Ó tún ìyẹ̀fun pò. “Òun ló gbá orí yín mú lọ́jọ́ yẹn.”

Ọwọ́ ìyá dúró nínú ìyẹ̀fun.

“Òun ló ni kámẹ́rà,” ló sọ.

“Àṣìṣe ni, Ìyá.”

“Mo gbọ́. Mi ò ní ó mọ̀ọ́mọ̀. Tẹ́nì kan bá ṣèèṣì da omi gbígbóná sí ọ lára, ṣé ara ò ní bó ni? Tó bá wá jókòó sídìí tábìlì mi, tí ojú mi sì yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ibo ni kí n wò? Ibo lòun náà máa wò?” Ó nu ọwọ́ nù. “Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi ti fọwọ́ ara mi sin tèmi. Sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá jáwọ́ lára ojú mi, ọjọ́ yẹn ni kó wá. Kó tó dìgbà yẹn, mi ò gbà. Má tún bi mí mọ́.”

Inú bí ọmọ. Ó lọ bá Abẹ́rẹ́ ní yàrá tó háyà, níbi táwọn wáyà kámẹ́rà ti kún abẹ́ ibùsùn.

“Jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù,” ó ní. “Àgbà ni wá. Bó bá yá, á gbà.”

“Ó tì.”

“Abẹ́rẹ́ mi—”

“Mo ní ó tì! Wọ́n ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ò ní gba ìkejì. Tí mo bá máa wọ ilé yín, ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo máa gbà, ìyá rẹ ló sì máa ṣílẹ̀kùn fún mi. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ fẹ́ ẹja ẹgbẹ́ rẹ.”

“Tí wọn ò bá jáwọ́ ńkọ́?”

“Màá jà,” ni Abẹ́rẹ́ sọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó jà lóòótọ́. Ó lọ bá Ọ̀gá Ìròyìn nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti bo ògiri, tí kò sí èyí tí wọ́n pa nínú wọn. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó jẹ́ kó ṣòroó bá jà nìyẹn. Ó máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ gbogbo òṣìṣẹ́. Àmọ́ bó bá di ti iye èèyàn tó ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ á fọ́.

“Àwòrán ilé iṣẹ́ ni, Abẹ́rẹ́. Ìwọ lo yà á, àwa la ni ín.”

“Ojú tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, sà? Ta ló ni ín?”

“Ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn káàánú.”

“Ẹ ti fi ìyá kan ṣoṣo sunkún tó, ọ̀gá. Ṣé ẹ máa fi sunkún títí tó máa fi kú ni?”

Ó lé e jáde. Abẹ́rẹ́ padà wá. Ó tún lé e, ó tún padà. Ó ń bá a lọ́nà àtẹ̀gùn, ó ń bá a nídìí mọ́tò rẹ̀, títí ó fi sú ọ̀gá. Ọjọ́ ìrántí ọdún kan sì ti ń sún mọ́lé, wọ́n sì fẹ́ gbé ètò náà jáde tààrà látinú ọgbà yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti sọ pé kò sí oníkámẹ́rà ilé iṣẹ́ yẹn táwọn máa gbà wọlé àfi Abẹ́rẹ́, torí òun nìkan ló gbé kámẹ́rà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

“Ó dáa,” ni ọ̀gá sọ. “Bá wa ṣiṣẹ́ ọjọ́ ìrántí. Mo ṣèlérí, àwòrán yẹn ò ní jáde. Ṣó tẹ́ ọ lọ́rùn?”

Abẹ́rẹ́ gbà á gbọ́. Ó sáré lọ sọ fún Bùọ̀dá Ẹja, òun náà sọ fún ìyá.

“Ṣé wọ́n ṣèlérí?” ni ìyá béèrè.

“Wọ́n ṣèlérí.”

Ìyá ò fẹ́ lọ síbi ìrántí náà tẹ́lẹ̀, torí ojú rẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn. Ó wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ aṣọ tó dára jù jáde. “Màá lọ,” ó ní. “Ìlà iwájú ni màá jókòó sí. Ẹ̀yìn ìyẹn, kọ́mọbìnrin yẹn wá bá mi.”

Lọ́jọ́ náà, wọ́n to àga sórí pápá ọgbà yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, àwọn òbí wà níwájú. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé tẹlifíṣọ̀n kan tó tóbi tó ògiri ilé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè máa ríran. Abẹ́rẹ́ wà nídìí kámẹ́rà rẹ̀. Oníròyìn tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Iyọ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú máìkì. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àfìgbà tí ohùn ọ̀gá dún nínú ohun tí Abẹ́rẹ́ kì bọ etí.

“Tí Ẹnu-Iyọ̀ bá ti parí gbólóhùn yìí, ẹ gbé ìyá tó ń ṣubú jáde.”

Abẹ́rẹ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. “Ọ̀gá, ẹ ṣèlérí.”

“Ilé iṣẹ́ kejì ti ń fi tiwọn hàn. Ṣé ká máa wò wọ́n níran ni? Di kámẹ́rà rẹ mú.”

Ó wo ìlà iwájú. Ìyá jókòó níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ó gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Torí ìlérí tí Abẹ́rẹ́ mú wá ló fi wà níbẹ̀. Ìbínú ló gba Abẹ́rẹ́ lọ́kàn, ìbínú tó ti ń hó látọjọ́ tí iná pupa ti dà á.

Oníkámẹ́rà kì í kọjá síwájú kámẹ́rà. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn nìyẹn. Abẹ́rẹ́ di kámẹ́rà rẹ̀ pọ̀ mọ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró kó má bàa yí, ó yọ ohun etí rẹ̀ kúrò, ó rìn yí po, ó lọ dúró síwájú ẹ̀. Ẹnu-Iyọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, dákẹ́ lójijì. Ó wo ojú Abẹ́rẹ́, ó sì na máìkì sí i.

“Ẹ má bínú,” ni Abẹ́rẹ́ sọ, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo pápá. “Èmi ni mò ń ya ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Wọ́n fẹ́ fi ìyá kan tó ń ṣubú hàn yín báyìí. Èmi ni mo yà á. Àṣìṣe ni nígbà tí mo yà á. Kì í ṣe àṣìṣe mọ́, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyá náà wà níbí, ó sì ti sọ pé òun ò fẹ́. Ojú ìyá wa kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n! Tí wọ́n bá gbé e jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kẹ̀yìn sí i.”

Ọ̀gá ti ń pariwo nílé iṣẹ́. Ògiri tẹlifíṣọ̀n yẹn ṣẹ́jú, ojú ìyá sì yọ, ó tóbi ju ilé lọ.

Bùọ̀dá Ẹja ló kọ́kọ́ dìde tó kẹ̀yìn sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ìlà kan, ìlà mìíràn, àga ń ró gìrìgìrì, gbogbo pápá yíjú padà. Òbí, olùkọ́, agbálẹ̀, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn. Ìyá ṣubú lórí ògiri yẹn, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ìyá nìkan ló ṣì jókòó. Ó wo ẹ̀yìn gbogbo èèyàn yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ó wá dìde, ó lọ bá Abẹ́rẹ́ níwájú kámẹ́rà.

“Ṣó ṣì ń yà?” ló béèrè.

“Ó ń yà, mà.”

“Gbé nǹkan yẹn wá.” Ó gba máìkì. “Orúkọ ọmọ mi nílé ni Lọ́yà. Ó bá mi jà láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde, torí pé mo ní kó wọ súwẹ́tà. Ó ní ooru máa mú. Ooru sì mú lóòótọ́, òun ló jàre. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Ẹni tó pa á ò lórúkọ lẹ́nu mi. Ó rò pé òun máa ti ibí yìí pa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wọ kíláàsì yín. Ẹ kàwé yín. Ẹ bára yín jiyàn. Ó ń fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ má bẹ̀rù fún un!”

Ilé iṣẹ́ gé e kúrò lórí afẹ́fẹ́. Asán ni. Fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò sí lábẹ́ àṣẹ Ọ̀gá Ìròyìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé Abẹ́rẹ́ níṣẹ́. Ó gbé kámẹ́rà wọn sórí tábìlì, ó jáde. Nígbà tó fi máa dé ìkóríta, ó ti rí i nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan pé ilé iṣẹ́ ọ̀hún tún ti gbé ojú ìyá jáde. Ó kan ilẹ̀kùn iwájú ilé búrẹ́dì, ẹnu ọ̀nà tí kò gbà rí. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn.

“Ìyá, mo kùnà,” ni Abẹ́rẹ́ sọ kó tiẹ̀ tó wọlé. “Wọ́n ṣì ń fi hàn. Mo ti rí i lójú ọ̀nà. Ẹ ní kí n wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáwọ́. Wọn ò jáwọ́. Mo kàn fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún yín kí n tó máa lọ.”

“Lọ síbo?” Ìyá fà á lọ́wọ́ wọlé. Bùọ̀dá Ẹja wà nídìí ààrò, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá sì fojú pa á lẹ́nu mọ́. “Jókòó. Wò mí. Látọjọ́ yẹn, gbogbo ayé ló ń bá mi sunkún. Wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá bá mi sunkún. Ẹkún yẹn sú mi! Kò sẹ́nì kankan tó bá mi bínú. Èmi nìkan ló ń bínú, títí mo fi rò pé orí mi ti dàrú. Lónìí, mo rí ẹnì kan tó bínú jù mí lọ. Kí wọ́n máa fi hàn. Á rẹ̀ wọ́n. Ìwọ, ṣó o ti jẹun?”

Abẹ́rẹ́ fẹ́ dáhùn, ẹkún ni ó jáde. Ìyá gbá a mọ́ra, ìyẹ̀fun bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ìyá,” ni Bùọ̀dá Ẹja sọ, “ṣé kí n bi í báyìí?”

“Kí lo ń bi mí fún? Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni?”

Ó bi í. Ẹkún ò jẹ́ kó gbọ́, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Inú ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ni wọ́n ti ṣe é, yàrá kékeré kan tó ní òdòdó ike lórí tábìlì àti fáànù tó ń dún. Ẹ̀gbọ́n bàbá Abẹ́rẹ́ jókòó lápá ọ̀tún, lápá ti ìyàwó, Ẹnu-Iyọ̀ jókòó tì í, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Lọ́yà kún ẹ̀yìn. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó lápá òsì, lápá ti ọkọ. Akọ̀wé ìgbéyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ilẹ̀kùn ró. Ọkùnrin kan yọ orí wọlé, kámẹ́rà wà léjìká rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń tì í lẹ́yìn.

“Ẹ má bínú,” ló sọ. “A ń wá ìyá ọkọ. Ìyá tó ṣubú yẹn.”

Abẹ́rẹ́ ti fẹ́ dìde, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Kò sí níbí,” ló sọ fún wọn.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ta lẹ jẹ́ sí wọn?”

“Ìyá ìyàwó,” ni ìyá dáhùn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Kò padà sápá òsì. Ó lọ jókòó sápá ọ̀tún, ó ní kí Ẹnu-Iyọ̀ sún díẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Ṣé ká máa bá a lọ, mà?” ni akọ̀wé béèrè.

“Kí lẹ tún ń dúró dè?”

Akọ̀wé wá yíjú sí Abẹ́rẹ́, ó bi í bóyá ó gbà láti fi ọkùnrin yìí ṣe ọkọ. Abẹ́rẹ́ ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kó tó bi í tán.